Ṣé Wọ́n Ń Jẹ Àwòrán Ni?

Ẹ̀yin ìyá wa ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ gbà mí o! Káfíńtà ni mí nílùú Òsì, ní Kwara. Ọmọ mi obìnrin parí ìwé mẹ́wàá, ó ní àwòrán yíyà lòun fẹ́ kọ́. Àtìgbà náà làwọn ẹbí ti dìde sí mi: "Ṣé wọ́n ń jẹ àwòrán ni? Iṣẹ́ ọ̀lẹ!"

Ní Òsì yìí kan náà ni Àreògún ti gbẹ́gi títí tó fi kú lọ́dún 1954. Iṣẹ́ ọwọ́ bàbá náà wà ní mùsíọ̀mù lókè òkun. Ta ló pe ìyẹn ní ọ̀lẹ?

Ẹni tí ọmọ mi ń wò ni Twins Seven-Seven, ará Ògìdì ní Ìjùmú. Kwara kan náà la jọ wà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀ lọ́dún 1991. Ìbejì ni. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀meje ni ìyá rẹ̀ bí ìbejì, òun nìkan ló yè. Ijó ló ń jó kiri fún ẹnì kan tó ń ta oògùn, kó tó dé Òṣogbo lọ́dún 1964. Ibẹ̀ ni Ulli Beier àti Georgina ti fi yíǹkì àti ọ̀dà lé e lọ́wọ́. Kò lọ sí yunifásítì kankan kọ́ ọ o! Iwin inú igbó àti ẹranko olórí púpọ̀ ló ń yà, àwọn òyìnbó sì ń wò wọ́n láwòyanu. Lọ́dún 1989, iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú àfihàn ńlá kan ní Paris. Lọ́dún 2005, UNESCO fi oyè dá a lọ́lá.

Àmọ́ ẹ gbọ́ apá kejì, tí ọmọ mi kì í fẹ́ kí n sọ. Kí oyè náà tó dé, ìyà jẹ bàbá yìí ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, débi pé ibi ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀bù kan ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti kárí ayé! Ìbàdàn ló padà kú sí lọ́dún 2011.

Nítorí náà, iṣẹ́ kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, títà ni. Bí mo bá kan ilẹ̀kùn, mo mọ iye pákó, mo mọ iye ìṣó. Àwòrán tí èèyàn fi oṣù mẹ́ta yà ńkọ́? Èló ni wọ́n ń ta làákàyè?

Mo ti ní kó kọ́kọ́ lọ bá àǹtí rẹ̀ tó ń ta aṣọ jókòó lọ́jà fọ́dún kan, kó mọ bí wọ́n ṣe ń dúnàádúrà, kó tó gbé búrọ́ọ̀ṣì. Ó ń sunkún, ó ní ọdún kan ti pọ̀ jù. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ bá mi dá sí i: ṣé oṣù mẹ́fà lè tó?