Ìsinmi Wà Lára Ìdánrawò

Èmi nọ́ọ̀sì yín ni. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń fi wíwa ọkọ̀ ojú omi díje ni mo mú wá lónìí. Ẹ má sọ pé kò kàn wá o. Chierika Ukogu wa ọkọ̀ fún Nàìjíríà níbi ìdíje Òlíḿpíìkì ní Rio lọ́dún 2016. Esther Toko ṣe bẹ́ẹ̀ ní Tokyo lọ́dún 2021. Obìnrin ni àwọn méjèèjì, àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ ṣe bíi tiwọn sì wà nínú ilé wa.

Mítà 2,000 ni ìdíje náà. Obìnrin tó dá wà nínú ọkọ̀ á lò tó ìṣẹ́jú méje sí mẹ́jọ. Ẹ lè rò pé apá nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Rárá o. Ẹsẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù, ẹ̀yìn á gbà á lọ́wọ́ ẹsẹ̀, apá á wá fi àjẹ̀ parí rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání nìyí: *iṣẹ́ á kọ́kọ́ rẹ ara sílẹ̀, oúnjẹ àti oorun ló ń sọ ọ́ di alágbára.* Bí ọmọ bá wa ọkọ̀ tán, iṣan rẹ̀ ti fara pa níbi tí ojú kò lè rí, agbára tí oúnjẹ fi pamọ́ síbẹ̀ sì ti tán. Ó lè gba odindi ọjọ́ kan kí agbára yẹn tó padà. Bí ara bá ráyè tún ara rẹ̀ ṣe, á le ju ti àná lọ. Bí iṣẹ́ mìíràn bá já lù ú kó tó ṣe tán, gbèsè nìyẹn. Gbèsè lórí gbèsè ló ń mú kí ọmọ máa ṣiṣẹ́ sí i, kó sì máa rẹ̀yìn.

Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀gá nínú eré yìí fi ń fi pẹ̀lẹ́ wa èyí tó pọ̀ jù nínú ìdánrawò wọn. Bí ìdíje bá ku bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, wọ́n á dín iye rẹ̀ kù, nígbà mìíràn dé ìdajì, àmọ́ wọ́n á ṣì máa wa díẹ̀ kíákíá kí ara má gbàgbé. Òbí tí kò mọ̀ á ní ọmọ ti ń ya ọ̀lẹ. Kì í ṣe ọ̀lẹ, gbèsè ni ara ń san.

Ohun tó léwu jù ni kí iṣẹ́ pọ̀ sí i lójijì. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọkàn àti iṣan tètè ń le, ṣùgbọ́n egungun kì í yára bẹ́ẹ̀. Egungun ìhà sì ni ó sábà máa ń sán lára àwọn tó ń wa ọkọ̀.

Ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ wá bá mi. Ìhà ń dun ọmọ náà tó bá mí kanlẹ̀, tó bá wúkọ́, tó bá yí ara padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá ti ra oògùn ibà, ó ti fi Robb pa á. Mo béèrè bí ó ṣe ń wa ọkọ̀. Wọ́n ti sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo béèrè nǹkan oṣù. Ó wolẹ̀. Oṣù kẹrin tí kò rí i rèé. Ìyá figbe ta, ó rò pé oyún ni. A yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí oyún. Ńṣe ló ń sá fún ẹ̀bà àti àmàlà kó má bàa wúwo nínú ọkọ̀.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ìyá. Bí oúnjẹ bá kéré sí iṣẹ́, ara obìnrin lè dá nǹkan oṣù dúró, egungun rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹlẹgẹ́. Dókítà rí i pé egungun ìhà ọmọ náà ti sán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi kúrò lórí omi. Ó jẹun, ó sùn, nǹkan oṣù padà, òun náà sì padà sínú ọkọ̀ díẹ̀ díẹ̀.

Ẹ máa ṣọ́ àwọn nǹkan wọ̀nyí:

1. Láàárọ̀, kó tó dìde lórí ibùsùn, kó fi ìka lé ọrùn ọwọ́, kó ka bí ọkàn ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú kan. Bó bá fi bíi mẹ́wàá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ọjọ́ mélòó kan, tí kò sùn dáadáa, tí inú ń bí i, tí oúnjẹ kò wù ú, kó dín iṣẹ́ kù.

2. Bí nǹkan oṣù bá dúró tó oṣù mẹ́ta, ẹ mú un wá. Ẹ má kọ́kọ́ na ọmọ.

3. Bí ìhà bá ń dùn ún, ẹ má fún un ní oògùn ìrora kó lè tún lọ wa ọkọ̀.

4. Bí ìtọ̀ rẹ̀ bá dúdú bíi Coke lẹ́yìn iṣẹ́ àṣejù, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀! Ó lè ba kíndìnrín jẹ́.

Bó bá ti orí omi dé, ẹ fún un ní oúnjẹ gidi: ìrẹsì àti ẹ̀wà, àmàlà àti ẹja, ẹyin. Ẹ má jí i láago mẹ́rin láti gbálẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ṣeré ìdíje, àti sí olùkọ́ tó ń kọ́ wọn. Ó dàárọ̀ o.