Láti Igbó Ọ̀yọ́ Dé Etí Òkun

Bí ọmọdé kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí ni mo fi dá màmá mi lóhùn nígbà tí wọ́n bi mí pé kí ni mo fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ wò nínú igbó tí kò sí lóko tiwọn ní Lágelú. Ìbéèrè màmá kò ṣàìnítumọ̀. Oko wọn kò jìnnà sí Lálúpọn. Ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kòkó díẹ̀ ló wà níbẹ̀, àwọn ọmọ mi sì mọ gbogbo ọ̀nà inú rẹ̀. Wọ́n mọ bí a ti ń fa ẹ̀gẹ́ tu, wọ́n mọ ewé tí a fi ń pọ́n ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n mọ̀ ló ní olóko, gbogbo ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n mọ̀ ni ọdẹ sì ti pa: ọ̀yà àti ẹtu tí àwọn ọlọ́jà máa ń nà sókè lẹ́bàá títì Aṣéjírẹ́ kí onímọ́tò lè dúró rà. Erin àti kìnnìún tí wọ́n ń ròyìn rẹ̀, ti Kẹ́ńyà ni, inú fóònù ni wọ́n sì ti rí wọn.

Mo fẹ́ kí wọ́n rí igbó tí ẹnikẹ́ni kò dáko sí, tó sì jẹ́ tiwa. Mo fẹ́ kí wọ́n rí òkun pẹ̀lú. Nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi, èmi àti bàbá wọn kó wọn sínú ọkọ̀, ó di ọ̀nà. Bí a ti ń lọ ló túbọ̀ ń hàn sí mi pé igbó Ọ̀yọ́ àti etí òkun kì í ṣe ibi ìgbafẹ́ méjì tó jìnnà síra wọn. Ìtàn kan ṣoṣo ló bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀kan tó sì parí sí èkejì, ìtàn náà ló sì bí ìlú Ìbàdàn tí a ń gbé.

Mọ́níyà la ti gbéra. Ọ̀nà Ìsẹ́yìn tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tún ṣe, kìlómítà 65, bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ó sì gba àwọn abúlé Akínyẹlé kọjá: ẹ̀lùbọ́ tí wọ́n sá sórí àpáta, àgbàdo sísun lórí ayanran, àwọn ìyá tí ń kí wa pé "Ẹ kú ìrìn o" láìmọ̀ wá rí. A dúró ní Ìjàyè ra àgbàdo. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn lè rò pé abúlé lásán ni. Ìlú ńlá ni Ìjàyè ní ayé Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Àwọn ará Ìbàdàn ló gbógun tì í ní 1860, wọ́n sì tú u ká ní 1862. Púpọ̀ nínú àwọn tó yè bọ́ sá lọ sí Abẹ́òkúta. Àkọ́bí mi obìnrin, tí yóò wọ ilé ìwé girama láìpẹ́, wo àwọn ilé tó wà níwájú wa, ó ní, "Mọ́mì, ṣé àwa la ba ìlú yìí jẹ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn tó tẹ ibi tí a ń gbé dó ni. Mo gbà pé ọmọ tó bá jẹ àgbàdo Ìjàyè nínú ìlú Ìjàyè kò ní fi ogun Ìjàyè ṣeré láé.

Ní Ìsẹ́yìn, a wo àwọn tó ń hun òfì díẹ̀, a sì tẹ̀síwájú. Ṣùgbọ́n mo sọ ìtàn ọmọ kan fún wọn níbẹ̀. Ìlú kan tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, Òṣóògùn, ni wọ́n ti bí Àjàyí. Ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́tàlá ni ní 1821, ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí àwọn ìyá ṣì ń tọ́jú oúnjẹ lọ́wọ́, tí ogun fi wọ ìlú. Wọ́n fi okùn so òun, ìyá rẹ̀, àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì mọ́ra. Èyí tó kéré jù kò tíì pé ọdún kan. Ìsẹ́yìn yìí ni wọ́n kọ́kọ́ kó wọn wá. Láti ibẹ̀, wọ́n ń tà á látọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin, wọ́n tún fi í gba tábà àti ọtí, títí ó fi dé Èkó, tí wọ́n gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí ní oṣù Kẹrin ọdún 1822. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ló dá ọkọ̀ náà dúró, tí wọ́n tú wọn sílẹ̀ ní Sàró. Ọmọ náà ni Samuel Àjàyí Crowther, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó di bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ Áńgílíkà, ní 1864.

Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọmọ mi tó ṣìkejì ló padà bi mí bóyá ìyá rẹ̀ rí i mọ́. Mo ní kó ní sùúrù, a ó dé ibẹ̀.

Àgọ́-Àmọ̀dù la gbà dé Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, lẹ́nu ọ̀nà Old Oyo National Park, igbó tí òfin kà léèwọ̀ fún ọdẹ àti agégi. Láti ayé àwọn òyìnbó, ní àwọn ọdún 1930, ni ìjọba ti ń ya apá kan ibẹ̀ sọ́tọ̀. Ọdún 1991 ló di ti ìjọba àpapọ̀. Kìlómítà onígun mẹ́rin 2,512 ni ilẹ̀ rẹ̀. Igi emi tí a ń rí òrí lára rẹ̀ àti igi irúgbá pọ̀ nínú rẹ̀ lọ súà, koríko ibẹ̀ sì ga ju àwọn ọmọ lọ.

Ẹ̀ṣọ́ igbó tó mú wa rìn, ọmọ àdúgbò ibẹ̀ ni. Nígbà tí a dé etí odò Ògùn, ó lóṣòó, ó pe àwọn ọmọ mọ́ra, ó fi ìka yí ipa ẹsẹ̀ kan ká nínú ẹrẹ̀. Ó ní kí wọ́n wò ó dáadáa: pátákò méjì, orí wọn rí ṣóńṣó. Ibi orí yẹn wọlẹ̀ ju ìdí lọ, ó túmọ̀ sí pé sísá ló ń sá. Omi kò sì tíì rọ́ kún inú rẹ̀, ó túmọ̀ sí pé kò tíì pẹ́ tó kọjá. Àwọn ọmọ kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, wọ́n ń ka ilẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹ̀ṣọ́ fi na ọwọ́ síwájú. Egbin kan dúró lẹ́yìn igi, ara rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ìlà funfun àti tóótòòtó funfun tò sí i lára. Láti kékeré ni wọ́n ti ń gbọ́ pé ìyàwó lágbájá dára bí egbin. Ọjọ́ náà ni wọ́n tó rí ohun tí a fi ń wé e. Ẹran náà wò wá, ó fò, ó wọ koríko lọ. Àbíkẹ́yìn wa, tí kò mọ̀ ju ẹran orí igi ní Aṣéjírẹ́ lọ, pariwo pé, "Ó ń sáré!" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ó ti mọ adùn ẹran ìgbẹ́ kí ó tó mọ̀ pé ẹran ìgbẹ́ ní ẹsẹ̀ tó fi ń sá.

Ní apá àríwá igbó yìí kan náà ni Ọ̀yọ́-Ilé wà, olú ìlú àwọn Aláàfin. A kò dé ibẹ̀, torí ọ̀nà Ìgbẹ́tì ni wọ́n ń gbà, kò sì rọrùn fún ọmọ kékeré. Ẹ̀ṣọ́ ròyìn rẹ̀ fún wa: odi ìlú tó ti wó, àfọ́kù ìkòkò nílẹ̀, igi tó ti hù níbi tí ẹ̀dá ń gbé. Ogun tú ìlú náà ní nǹkan bí 1835, Aláàfin Àtìbà sì lọ tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́ Ọ̀jà. Ogun àsìkò yẹn ló lé àwọn èèyàn wá sí gúúsù, tí Ìbàdàn fi kún, tí àwọn àgbẹ̀ fi tàn ká Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà. Òun náà ló sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ bí Àjàyí di ẹrú. Nígbà náà ni mo rí ìdáhùn kejì fún màmá mi. Ohun tó wà nínú igbó tí kò sí lóko wọn ni ìdí tí wọ́n fi ní oko ní Lágelú.

Odò Ògùn tí egbin ti mu omi, òun ló ṣáájú wa lọ sí ìsàlẹ̀. Láti àgbègbè òkè tó wà ní ìhà Ṣakí ló ti ń bọ̀, ó gba inú igbó náà kọjá, ó dé ìdídò Ìkèrè nítòsí Ìsẹ́yìn, ó gba Abẹ́òkúta, ó sì wọ inú ọ̀sà Èkó. Nígbà tí a padà sílé sinmi tí a tún gba ọ̀nà Èkó, a kọjá lórí rẹ̀ ní Kárà, níbi tí wọ́n ti ń ta màlúù, kí a tó dé Berger. Omi náà ti dúdú, ìdọ̀tí ọjà àti ti ilé ń bá a lọ. Àkọ́bí mi ní, "Ṣé omi ibi tí a ti rí egbin nìyí?" Bàbá rẹ̀ ní òun náà ni. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ṣé àwọn tó wà níhìn-ín mọ̀ pé egbin wà lókè?" Bí òjò bá pọ̀ lókè, tí wọ́n sì ṣí ìdídò Ọ̀yán tí omi rẹ̀ ń wọ inú Ògùn, Ìṣẹrì àti Ajégúnlẹ̀ Ìkòròdú ni omi ń ya wọlé. Bí wọ́n bá gé igi lókè tán, ìsàlẹ̀ ni iyanrìn yóò kó sí. Mo ti ń ka irú èyí nínú ìwé ìròyìn tipẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ tó ti kúnlẹ̀ sí etí odò náà lókè kò nílò ìwé ìròyìn kí ó tó mọ̀ ọ́n.

Ní Èkó, àwọn ọmọ gun afárá tó wà lókè igi ní Lekki Conservation Centre, mítà 401, wọ́n rí ọ̀bọ nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ wọn, inú wọn sì dùn débi pé wọn kò fẹ́ sọ̀ mọ́. Ọjọ́ kejì la lọ sí Àgbádárìgì. Èkó ni wọ́n ti gbé Àjàyí wọ ọkọ̀, ṣùgbọ́n Àgbádárìgì ló gbà padà wọlé gẹ́gẹ́ bí ajíhìnrere ní 1845. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ parí ní ọdún yẹn, tí wọ́n ní òun ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ṣì dúró. Àwọn ọmọ gun àtẹ̀gùn onípákó rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti dá ọmọ mi lóhùn: ní oṣù Kẹjọ ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, Àjàyí rí ìyá rẹ̀, Àfàlà. Ọmọ náà pàtẹ́wọ́.

Àìmọye ọmọ ni kò rí ìyá mọ́. A wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fú, a rìn nínú iyanrìn gbígbóná gba ọ̀nà tí wọ́n ń kó ẹrú gbà, títí a fi gbọ́ ariwo ìgbì. Òkun ibẹ̀ le, a di àwọn ọmọ lọ́wọ́ mú ṣinṣin. Mo sọ fún wọn pé àwọn tí wọ́n kó kọjá níhìn-ín mú Yemọja dání lọ́kàn, òrìṣà odò Ògùn tí Ìbàdàn náà ní Pópó Yemọja fún. Nígbà tí wọ́n dé Bùràsíìlì tí odò Ògùn kò sí níbẹ̀, wọ́n fi òkun fún un. Títí dòní, ní Salvador, ní ọjọ́ kejì oṣù Kejì, ọ̀pọ̀ èrò máa ń gbé òdòdó wọ inú òkun fún un. Odò tí a bá bọ̀ láti Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí kò dúró ní ọ̀sà Èkó.

Mo mọ̀ pé ọ̀nà igbó Ọ̀yọ́ kò dà bí ó ti yẹ. Ìbẹ̀rù ajínigbé wà, igbó pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó kó ọmọ lọ, kó bèèrè lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ igbó náà ní ìlú Ọ̀yọ́ bí ọ̀nà ti rí. Bí wọ́n bá ní kó dúró, kó dúró. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ gbà pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí. Igbó tí òbí kò lè kó ọmọ lọ wò lọ́sàn-án gangan, díẹ̀díẹ̀ ni yóò bọ́ lọ́wọ́ wa, nítorí ohun tí ọmọ kò rí rí, kò ní jà fún un bó bá dàgbà. Ìjọba jẹ wá ní ọ̀nà tó láàbò àti ẹ̀ṣọ́ tí owó oṣù àti irinṣẹ́ wọn pé.

Títí di ìgbà náà, kò sẹ́ni tí kò lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ará Ẹgbẹ́dá ní ìdídò Aṣéjírẹ́: kó fi odò Ọ̀ṣun tí ọ̀pọ̀ Ìbàdàn ń mu han ọmọ rẹ̀, kó sì sọ fún un pé ọ̀sà Lẹ́kí ni omi náà ń lọ. Ará Akínyẹlé ní Ìjàyè, ó tún ní igbó tó wà nínú ọgbà IITA. Ará Lágelú lè mú ọmọ lọ sí ibùdó rélùwéè àtijọ́ ní Lálúpọn. Ará Ọ̀nà-Àrà ní Akànràn, níbi tí Táfà Adéoyè àti àwọn Àgbẹ̀kọ̀yà ti dìde sí owó orí ní 1968. Owó epo díẹ̀, mọ́ínmọ́ín nínú ewé, omi nínú kẹ́ẹ̀gì, àti òbí tó múra tán láti dáhùn ìbéèrè, ó tó. Rírìn jìnnà ló ń mú ni rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ibi tó sún mọ́ni ni ẹsẹ̀ ọmọdé ti ń kọ́ ìrìn. Ẹ gbé wọn jáde lásìkò ìsinmi tó ń bọ̀ yìí.