Ohun tí ó wà nínú àpò awo, àti àwọn tí ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ erin



Ẹ̀yin ọmọ awo, àti ẹ̀yin tí ẹ ń fẹ́ mọ̀ nípa ìṣẹ̀ṣe, dípò kí á tú ẹsẹ Ifá palẹ̀ lónìí, mo fẹ́ kí á tú àpò awo wò. Ẹ wo ìrọ́kẹ́ tí a fi ń lu ọpọ́n nígbà tí a bá ń pe Ifá. Igi ni ọ̀pọ̀ nínú wọn lóde òní, ṣùgbọ́n eyín erin ni wọ́n fi gbẹ́ èyí tí ó níyì jù nínú èyí tí àwọn baba wa fi sílẹ̀. Ẹ lọ sí ojúbọ Ọya, ẹ ó bá ìwo ẹfọ̀n níbẹ̀. Ẹ kúkú mọ ìtàn rẹ̀: obìnrin tí ó ń bọ́ awọ ẹfọ̀n pamọ́ sínú igbó, tí ó ń di ènìyàn lọ sí ọjà, títí ọdẹ kan fi rí i tí ó sì mú un lọ sílé. Ìgbà tí àwọn ìyàwó ilé fi ìyẹn bú u ni ó gbé awọ rẹ̀ wọ̀ padà, tí ó sì fi ìwo sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n máa fi pè é. Ìtàn náà dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn ọ̀dọ́ awo tí ń gbé ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn bóyá wọ́n ti fojú kan ẹfọ̀n láàyè rí. Àwòrán ni púpọ̀ nínú wọn mọ̀.

Inú igbó ni àwọn nǹkan wọ̀nyí ti wá, àwọn ènìyàn sì wà tí ń gbé létí igbó náà títí di òní. Àwọn ni a kì í rántí nígbà tí a bá ń yin igbó. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn àjọ aláàánú tí ń dáàbò bo ẹranko igbó, tí wọ́n sì ń ran àwọn ará abúlé tí ó yí igbó ká lọ́wọ́. Láàárín àwa oníṣẹ̀ṣe, a sábà máa ń fi ojú àlejò wò wọ́n. A ní òyìnbó ni wọ́n, a ní wọ́n fẹ́ràn ọ̀bọ ju ọmọ ènìyàn lọ. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n mú igbó kan ṣoṣo. Igbó Omo wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Orúkọ odò tí ó gba inú rẹ̀ kọjá ni ó ń jẹ́. Ní ọdún 1925 ni ìjọba amúnisìn sọ ọ́ di igbó ìjọba. Ilẹ̀ náà fẹ̀ ju ìwọ̀n kìlómítà 1,300 níbùú lóòró lọ. Ní 1946 wọ́n ya hẹ́kítà 460 sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, UNESCO náà sì fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ní 1977. Ìwé kò ní kí gẹdú má jáde níbẹ̀. Ìjọba fúnra rẹ̀ gé apá kan igbó náà, ó gbin gmelina sí i. Àwọn agégẹdú wọlé. Àwọn àgbẹ̀ oníkòkó tẹ̀ lé wọn, láti ìlú tòsí àti ọ̀nà jíjìn. Síbẹ̀síbẹ̀, erin ṣì wà níbẹ̀, erin inú igbó kìjikìji, èyí tí etí rẹ̀ kéré tí ó sì rí róbótó ju ti erin ọ̀dàn lọ. Ní ọdún 2021 ni àjọ IUCN kọ irú erin yìí sí ipò tí ó sún mọ́ ìparun jù lọ nínú ìwé wọn.

Àgbẹ̀ kan ní ẹ̀gbẹ́ igbó náà ránṣẹ́ pè mí ní ìgbà kan. Bàbá àgbàlagbà ni. Erin ti wọ oko rẹ̀ lóru, ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì wó igi kòkó mọ́lẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ oko lè rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Igi kòkó ń gbà tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó so, nítorí náà, ohun tí erin tẹ̀ fọ́ ní òru ọjọ́ kan jẹ́ ọdún mẹ́rin nínú ayé bàbá náà. Ó fẹ́ kí n bi Ifá bóyá kí òun ránṣẹ́ sí ọdẹ.

Mo ní, "Bàbá, ẹ mọ̀ pé òfin kò gbà á."

Ó wò mí. Ó ní, "Awo, ẹ̀yin ni ẹ ń sọ̀rọ̀ òfin. Ẹni tí ó ní kí n má pa á, ṣé ó máa bá mi san owó iléèwé àwọn ọmọ-ọmọ mi?"

Odù tí ó jáde jẹ́ ti oníbéèrè, n kò ní tú u síta níbí. Ohun tí mo lè sọ ni pé ẹbọ jáde, ìkìlọ̀ sì jáde lórí ẹ̀jẹ̀. Bàbá náà gbà, ó rú ẹbọ, kò sì ránṣẹ́ sí ọdẹ kankan. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń dárí bọ̀ wá sílé ni mo ń rò ó pé Ifá ti dáhùn ohun tí ó bi Ifá, kò tíì sí ẹni tí ó dáhùn ohun tí ó bi èmi.

Níbi tí àwọn àjọ yìí ti wúlò gan-an nìyẹn, bí wọ́n bá mọ iṣẹ́ wọn. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù ní ilẹ̀ wa ni Nigerian Conservation Foundation, tí Olóyè Shafi Lawal Edu, ọmọ Ẹ̀pẹ́, dá sílẹ̀ ní 1980. Wọ́n ń bá ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣiṣẹ́ ní Omo, wọ́n ní ẹ̀ṣọ́ igbó níbẹ̀, àwọn kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ náà sì jẹ́ ọdẹ tẹ́lẹ̀. Èyí wú mi lórí ju ohun gbogbo lọ. Ta ni ó mọ igbó bí ọdẹ? Ọdẹ mọ ipasẹ̀ àná yàtọ̀ sí ipasẹ̀ òní. Ó mọ omi tí ẹranko ń mu lẹ́ẹ̀rùn, ó mọ igi tí erin ń fara nù, ó sì mọ ọ̀nà tí àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbà wọlé láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí wọn. Nígbà tí a sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kí ó jáwọ́ láìfún un ní nǹkan kan, ọlọ́ṣà ni a sọ ọ́ dà. Nígbà tí a fún un ní owó oṣù, ìmọ̀ rẹ̀ di ohun tí igbó ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Mo bá ọ̀kan nínú irú àwọn ọdẹ bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo bi í bóyá Ògún kò bínú sí i pé ó gbé ìbọn kalẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ṣì ń bọ Ògún lọ́dọọdún, nítorí àdá kò kúrò lọ́wọ́ òun, ewu kò sì dín kù. Àwọn tí òun ń lé nínú igbó báyìí náà ní ìbọn.

Ní Èkìtì, nínú igbó Ìsẹ̀, SW/Niger Delta Forest Project tí Rachel Ikemeh ń darí ń dáàbò bo àwọn ìnàkí díẹ̀ tí ó kù ní apá ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè wa. Ní ọdún 2020 ni ó gba ẹ̀bùn Whitley. Àwọn ọmọ agbègbè náà ni wọ́n ń gbà ṣe ẹ̀ṣọ́.

Ní ti oko àti erin, Kenya ni ọgbọ́n tí mo fẹ́ràn jù ti wá. Lucy King àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní àjọ Save the Elephants rí i pé erin, pẹ̀lú gbogbo títóbi rẹ̀, ń sá fún kòkòrò oyin. Wọ́n wá ń gbé ilé oyin kọ́ yí oko àwọn àgbẹ̀ ká, wọ́n ń fi wáyà so wọ́n pọ̀. Bí erin bá fara kan wáyà lóru, ilé oyin á mì, oyin á tú síta, erin á sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, àgbẹ̀ á fa oyin, á tà á. Ẹ̀yin awo, ẹ kò nílò kí n sọ fún yín pé oyin wà lára ohun tí a fi ń rúbọ, tí a sì fi ń wúre fún ọmọ tuntun. Ohun kan náà ló ń ṣọ́ oko, tí ó ń bọ́ àgbẹ̀, tí ó sì ń dé ìdí ẹbọ.

N kò ní yin gbogbo wọn. Nígbà tí mo padà lọ sí abúlé bàbá yẹn, mo bá àwọn ilé oyin kan tí àjọ kan (n kò ní dárúkọ rẹ̀) gbé wá. Wọ́n ya àwòrán, wọ́n ri pátákó tí ó ní orúkọ wọn mọ́lẹ̀, wọ́n lọ. Kò sí ẹni tí ó kọ́ àwọn ará abúlé bí a ti ń fín oyin láìpa á. Ìkán ti mu àwọn àpótí náà, pátákó ṣì wà lóòró. Àwọn mìíràn ni wọ́n wá lẹ́yìn náà, tí wọ́n gbé ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, tí wọ́n ń bá wọn jẹ tí wọ́n ń bá wọn mu, tí wọ́n sì ń padà wá. Oyin ti àwọn yẹn ni ó dúró. Bàbá àgbẹ̀ ní àpótí mẹ́ta báyìí. Erin ti padà wá lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà, nítorí àpótí mẹ́ta kò lè yí oko ká, ṣùgbọ́n ó ti rí nǹkan tà ní ọdún tí kòkó rẹ̀ kò sí.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á wá sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa gan-an. Gbogbo wa mọ ipò gúnnugún. Bí a bá gbé ẹbọ sílẹ̀ tí gúnnugún bà lé e, ọkàn wa á balẹ̀ pé ẹbọ ti dé ọ̀run. Àwọn àgbà ka igún mọ́ ẹyẹ tí a kì í pa tí a kì í jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wọ ọjà àwọn lékulẹ́ja, ẹ ó rí orí igún, ẹ ó rí ìyẹ́ rẹ̀, wọ́n ń tà á fún àkóṣe. Ní 2015 ni IUCN gbé igún tí a mọ̀ jù nílẹ̀ wa sí ipò ìparun tí ó le jù. Ní Guinea-Bissau, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, ó lé ní 2,000 irú ẹyẹ yìí tí ó kú nípa májèlé, wọ́n sì ti gé orí àwọn kan nínú wọn lọ. Ẹni tí ó ń ju májèlé sí oko tàbí ẹ̀bá omi ń pa ju ẹyẹ lọ; omi náà ni ará abúlé ń pọn. Kristẹni kọ́ ló ń ra orí igún, àlejò òyìnbó kọ́. Àwọn tí ń wá oògùn àti àkóṣe ni.

Nigerian Conservation Foundation ti ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, pé kí wọ́n máa fi ewé àti egbò rọ́pò ẹ̀yà ara igún. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn awo ilé wa. Mo ní Ifá gba ìpààrọ̀: ṣé kì í ṣe ìbò ni a fi ń bi í bóyá yóò gba owó ewúrẹ́ dípò ewúrẹ́? Ó ń gbà á lójoojúmọ́. Kí ló dé tí igún nìkan kò fi ní ìpààrọ̀?

Bàbá kan tí ó jù mí lọ nídìí Ifá ni ó dá mi lóhùn. Ó ní, "Owó ewúrẹ́, ewúrẹ́ ni yóò rà bó dọ̀la. Ewé tí o fẹ́ fi dípò igún, ṣé igún ni yóò rà?"

Ọ̀rọ̀ àgbà ni, kò sì rọrùn láti dá a lóhùn. Èsì tí mo ní kò ju èyí lọ: bí igún bá tán, ewé nìkan ni yóò kù náà, kò sì ní sí ẹni tí yóò gbé ẹbọ wa lọ. Ó mi orí, n kò sì mọ̀ bóyá ó gbà. A fẹnu kò sí i pé, títí dìgbà tí àwọn àgbà bá sọ mìíràn, a ó máa fi ìbò bi Ifá lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kí á tó ra ohunkóhun tí ó jẹ́ ti igún. Láti ìgbà náà, ìgbà tí ìbò sọ pé Ifá gba ewé ti pọ̀ ju ìgbà tí ó kọ̀ ọ́ lọ.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé àjọ aláàánú àti òrìṣà kò lè jùmọ̀ ṣiṣẹ́, kí ó wo igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, hẹ́kítà 75, tí UNESCO kọ sínú ìwé rẹ̀ ní 2005. Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, kò dá nìkan gba igbó náà sílẹ̀. Birikìlà, káfíńtà àti agbẹ́gilére ìlú náà ni wọ́n jọ ṣe é, irú Adébísí Àkànjí àti Kàsálí Àkàngbé, wọ́n sì ti ibẹ̀ jẹun. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 2009, àjọ tí a fi orúkọ rẹ̀ pè, Adunni Olorisha Trust, ṣì ń gbọ́ bùkátà igbó náà. Ẹ̀yin ọmọ awo tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ní Brazil àti ní Cuba, tí ẹ ń wá sí Òṣogbo lóṣù Ògún, igbó Omo kò jìnnà sí ojú ọ̀nà yín.

Ní ti ilé tiwa, a ti pinnu pé oyin tí a ó máa lò fún ẹbọ, ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ẹ̀gbẹ́ igbó Omo ni a ó ti máa rà á, ní iye tí wọ́n bá dá lé e, láìná an. Kẹ́ẹ̀gì méjì àkọ́kọ́ dé ní ọ̀sẹ̀ Ifá tó kọjá. Bàbá tí ó bá mi jiyàn tọ́ ọ wò, ó ní ó dára ju ti ọjà lọ. Lórí ti igún, ó ní òun kò tíì gbà.