Ta Ló Ṣí Omi Verdon?

Pátákó kan wà lẹ́bàá odò náà tí mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Wọ́n ya ọkùnrin kan tó ń sáré, omi ń lé e bọ̀ lẹ́yìn. Àbúrò ìyàwó mi, tó ti ń gbé Marseille láti ọdún mọ́kànlá, ló túmọ̀ ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ fún mi: omi yìí lè kún lójijì bí òjò ò tilẹ̀ rọ̀, nítorí dáàmù iná mànàmáná tó wà lókè odò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má lọ jókòó sórí òkúta tó wà láàárín omi o. Bí wọ́n bá ṣí i, kì í kí èèyàn kó tó dé."

Mo rẹ́rìn-ín. Odò tí mo tìtorí ẹ̀ wọkọ̀ òfúrufú láti Lọ́ńdọ̀nù, tí mo rò pé ó ń ṣe tinú ẹ̀ láti ìwáṣẹ̀, àṣé ó ní ọ̀gá tó ń tì í tó ń ṣí i bí omi ẹ̀rọ.

Verdon lorúkọ odò náà, ní gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Ó ti gbẹ́ òkúta ẹfun títí tó fi di ọ̀gbun tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 25, ibi tó jìn jù níbẹ̀ sì tó 700 mítà. Láti 1997 ni wọ́n ti sọ gbogbo àgbègbè náà di Parc naturel régional du Verdon. Kì í ṣe irú ọgbà tí a mọ̀ nílé o. Ní Old Oyo National Park tiwa, ẹranko ló nilé, àlejò lèèyàn. Ti ibí yìí, inú ẹ̀ làwọn èèyàn ń gbé: àwọn tó ń sin àgùntàn, àwọn tó ń gbin lavender, ilé ìwé wà níbẹ̀, ilé búrẹ́dì wà níbẹ̀. Àwọn ìlú fúnra wọn ló fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé báyìí làwọn á ṣe máa lo ilẹ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ èyí sílẹ̀, torí ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń bá a jà lọ́kàn.

Lọ́jọ́ kìíní, òkè la gùn. Grand Margès ni wọ́n ń pè é, 1,577 mítà. Òun kọ́ ló ga jù nínú ọgbà náà, Mourre de Chanier ni, tó jẹ́ 1,930 mítà, ṣùgbọ́n àbúrò mi ní tí a bá fẹ́ rí ọ̀gbun àti adágún omi pa pọ̀, Margès ni kí a gùn. Apá ìlú Aiguines la gbà. Igi ló kọ́kọ́ bò wá, lẹ́yìn náà igi ń kúrú sí i, títí ó fi ku òkúta, koríko àti thyme tó ń ta sánsán bí bàtà wa bá ti tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a dé orí ẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi bọ́ fìlà mi, mo kì í bọ àpò.

Níbẹ̀ ni mo ti rí ohun tí n kò rí rí láyé mi: ẹ̀yìn igún. Àyà ẹ̀ ni gbogbo wa mọ̀, torí òkè ló máa ń wà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, mẹ́rin nínú wọn ń yípo nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ mi, àwọ̀ ẹ̀yìn wọn bí ti iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ, ìyẹ́ apá wọn tí wọ́n nà tó mítà méjì àbọ̀ láti orí kan dé èkejì, wọn ò sì jù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí mo wà ní kékeré, orí páànù ilé ìpẹran ni igún máa ń tò sí lọ́jà wa. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ọ̀kan nílé kẹ́yìn. Àwọn tó ń fi orí ẹ̀ ṣoògùn mọ ibi tó wọlẹ̀ sí. Ní Verdon náà, ó ti run rí. Ní 1999 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó igún láti ibòmíràn wá, tí wọ́n ń tú wọn sílẹ̀ ní abúlé Rougon, títí wọ́n fi ń yé, tí wọ́n ń pa nínú ihò àpáta. Àwọn baba wa ní gúnnugún kì í kú léwe. Ẹ ò rí i pé ti ibí yìí nílò alágbàtọ́ kó tó lè dàgbà.

Mo ya fọ́tò wọn. Mo yà á, mo tún yà á. Ẹ rántí fọ́tò yìí.

Àbúrò mi nawọ́ sí adágún Sainte-Croix, tó tẹ́ lọ bí aṣọ aláró. "Ìlú wà lábẹ́ yẹn," ló wí. Les Salles-sur-Verdon lorúkọ ìlú náà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ dáàmù Sainte-Croix, wọ́n kó àwọn ará ibẹ̀ kúrò, wọ́n fi ohun abúgbàù wó ilé wọn àti ṣọ́ọ̀ṣì wọn, omi sì bò ó ní nǹkan bí 1974. Orúkọ ìlú náà kò kú ṣá, wọ́n tún un kọ́ sétí omi. Bussa ló wá sí mi lọ́kàn, èyí tí omi Kainji gbé mì ní 1968. Mo wo adágún náà títí, àwọn ọmọ kéékèèké ń fi ọkọ̀ aláfẹsẹ̀wà ṣeré lórí ẹ̀, kò síbi tí èèyàn lè tọ́ka sí pé ìdáná ẹnì kan wà níbí.

Ìlú Moustiers-Sainte-Marie la sùn. Ìlú tó gbayì fún àwo amọ̀ dídán ni, tó sì ní ìràwọ̀ kan tí wọ́n fi ṣéènì so kọ́ sáàárín àpáta méjì. Ó rẹ̀ mí, ìràwọ̀ nìkan ni mo rí.

Ọjọ́ kejì ni ọ̀gbun. A gbé mọ́tò sí Point Sublime, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Chalet de la Maline, kí a lè fẹsẹ̀ rìn padà wá bá mọ́tò, nǹkan bíi kìlómítà 15. Sentier Martel ni wọ́n ń pe ọ̀nà náà tẹ́lẹ̀. Martel, lọ́yà ará Paris tó fẹ́ràn ihò ilẹ̀ ju kóòtù lọ, ló kó ọkọ̀ wọ inú ọ̀gbun yìí ní oṣù kẹjọ ọdún 1905 tó sì gbà á já. Ṣùgbọ́n kò dá lọ. Isidore Blanc wà pẹ̀lú ẹ̀, tíṣà ilé ìwé Rougon, ọmọ àdúgbò. Ọjọ́ pẹ́ tí orúkọ ará Paris nìkan fi wà lójú ọ̀nà. Ìgbà tó yá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń kọ Blanc-Martel. Inú mi dùn sí àtúnṣe yẹn ju bó ti yẹ lọ, bóyá torí pé tíṣà ni bàbá mi.

Ìsọ̀kalẹ̀ dé etí omi kò le. Gbogbo ẹni tí a bá pàdé ló ń kí wa, "Bonjour, bonjour," àwọn Faransé tí kì í wojú èèyàn nínú ọkọ̀ ojú irin. Mo ní kó jẹ́ pé ìlú ló ń ba ìwà wọn jẹ́. A dé La Mescla, níbi tí odò Artuby ti bọ́ sínú Verdon. Ìdàpọ̀ lorúkọ yẹn túmọ̀ sí lédè àwọn ará ibẹ̀. Àwọ̀ omi náà dà bí ìgbà tí wọ́n bu búlúù ìfọṣọ sómi tí ewé ti rẹ sí.

Brèche Imbert ni ìgbéraga mi ti tán. Àtẹ̀gùn irin 252 ni. Àbúrò mi ti sọ iye ẹ̀ fún mi lálẹ́ àná, mo sì ti fi ṣe yẹ̀yẹ́: ọmọ Oǹdó ni mí, àtẹ̀gùn 667 là ń gùn ní Òkè Ìdànrè, kí ló ń jẹ́ 252? Ṣùgbọ́n ti Ìdànrè, o gbẹ́sẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ dúró. Èyí, wọ́n kàn án mọ́ àpáta, ó dúró ṣánṣán bí àkàsọ̀ akunlé. Bí mo bá wo ibi tí mo fẹ́ gbẹ́sẹ̀ lé, àlàfo àárín irin méjì lojú mi ń bá, igi ńlá sì wà nísàlẹ̀ ẹ̀ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Irin tí mo dì mú ti dán láti ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ó gbóná níbi tí oòrùn dé, ó tutù bí òkú níbi tí kò dé. Ní ìdajì ọ̀nà, orúnkún mi òsì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láìgbàṣẹ lọ́wọ́ mi. Ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọdún mẹ́wàá lọ dúró lẹ́yìn mi, ó rọra ń súfèé. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún un, ó kí mi, ó sì kọjá.

Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, a dé ẹnu ihò Baou. Wọ́n gbẹ́ ẹ gba inú àpáta ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, kí omi lè gba inú ẹ̀ kọjá lọ yí ẹ̀rọ iná. Iṣẹ́ náà kò parí láé. Mítà 670 nínú òkùnkùn. Àbúrò mi ti ní kí n ra tọ́ọ̀ṣì, mo ní fóònù mi ń kọ́? Nígbà tí a rìn díẹ̀, fóònù kú. Ẹ rántí fọ́tò igún. Àbúrò mi ti wà níwájú, omi dúró nílẹ̀, òrùlé ń kán sí mi lọ́rùn, n kò sì rí ọwọ́ ara mi. Ìmọ́lẹ̀ kan wá yọ láti ẹ̀yìn, ó bọ́ sáàárín ẹsẹ̀ mi méjèèjì, ó dúró síbẹ̀. Ìyá àgbà kan ni, irun ẹ̀ funfun báláú, ọ̀pá lọ́wọ́ kan, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ kejì. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, n kò gbọ́ Faransé. Bí mo bá gbésẹ̀, á gbé ìmọ́lẹ̀ síwájú bàtà mi; bí mo bá dúró, á dúró. Báyìí ló ṣe tì mí jáde bí ẹran.

Ní ìsàlẹ̀ Couloir Samson, mo bọ́ bàtà mi sórí òkúta gbígbẹ kan, mo ti ẹsẹ̀ bọmi. Ó tutù débi tí mo fi pariwo. Ojú ọ̀run mọ́ kedere, kò sí ìkuukùu kan. Bóyá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo ti wà níbẹ̀ kí n tó rí i pé òkúta ti rin, okùn bàtà mi kan sì ti ń léfòó. Omi náà kò pariwo, kò yára, ó kàn ń gòkè bí ìgbà tí mílíìkì bá ń ru nínú ìkòkò.

Mo gbá bàtà mú, mo sá sókè. Àbúrò mi wo aago ọwọ́ ẹ̀, agogo mẹ́fà ti fẹ́ lù.

"Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Àwọn èèyàn ló ti ń gbé oúnjẹ alẹ́ kaná ní Marseille."