Ta Ló Ń Dá Owó Lé E?

Bí wọ́n bá já kòkó, tí wọ́n fọ́ ọ tán, wọ́n á kó o jọ, wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á sá a sí oòrùn, tí wọ́n á máa yí i láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Bí òjò bá ṣú, tọmọdé tàgbà á sáré kó o wọlé. Ọjọ́ tí ẹni tó fẹ́ rà á bá dé, á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á fi ọ̀bẹ la hóró rẹ̀ sí méjì, á wo inú rẹ̀. Bí ó bá gbẹ tó sì pọ́n, ó dáa. Bí ó bá ti bu, kíá ló ti rí ìdí tí yóò fi yọ lára owó. Àgbẹ̀ á dúró, á máa wo ọwọ́ onítọ̀hún. Àgbẹ̀ kọ́ ló dá owó lé kòkó tó gbìn. Ẹni tó fi ọ̀bẹ là á náà kọ́. Ọjà London àti ti New York ni iye rẹ̀ ti ń wá.

*

Ọjọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1942, nígbà ogun Hitler, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá àjọ kan sílẹ̀ pé òun nìkan ni yóò máa ra ọjà oko Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 1947, Nàìjíríà ní àjọ kòkó tirẹ̀. Iye tí àjọ yìí ń san fún àgbẹ̀ kò tó iye tó ń tà á lókè òkun. Wọ́n ní àwọn ń tọ́jú èyí tó ṣẹ́kù de ọjọ́ tí ọjà bá já wálẹ̀. London ni owó náà jókòó sí, nínú ìwé gbèsè ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, lásìkò tí ogun ti tán ilẹ̀ náà lówó. Àgbẹ̀ Iléṣà àti Oǹdó, tí òrùlé ewé ṣì wà lórí ilé rẹ̀, ló ń yá ìjọba London lówó, kò sì sẹ́ni tó bi í bóyá ó fẹ́.

Nígbà tí àjọ náà bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní 1954, owó kòkó bá wa ṣe ohun tí ojú rí. Ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Ilé Kòkó, alájà 26, dúró sí Ìbàdàn ní 1965. Mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lu owó yẹn láé, nítorí ọ̀pọ̀ wa ló kàwé lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tiwa náà kò yé san iye tó kéré fún àgbẹ̀, wọ́n sì ń gba owó-orí lé e. Ní 1968, àwọn àgbẹ̀ yarí. Àgbẹ́kọ̀yà nìyẹn. Irin iṣẹ́ tí òyìnbó fi sílẹ̀, àwa la gbé e, tí a ń fi í ṣiṣẹ́ lọ títí di 1986 tí wọ́n tú àjọ náà ká.

*

Kì í ṣe iye kòkó nìkan ni wọ́n bá wa dá, wọ́n bá wa la ọ̀nà náà. Ojú irin tí Gẹ̀ẹ́sì là láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901. Èyí tí Faransé là láti Kútọnu lọ sókè fẹ̀ ní mítà kan gééré. Tiwa fi mílímítà 67 fẹ̀ jù ú lọ. Etíkun ni méjèèjì kọjú sí, wọn ò kọjú síra wọn. Títí di òní, kò sí ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Kútọnu.

*

Owó tí à ń ná náà ńkọ́? Ní oṣù kìíní ọdún 1994, owó sẹ́fà 50 tó ń ra fráǹkì Faransé kan di 100. Ará Kétu àti Pọ̀bẹ̀ ní ilẹ̀ Benin tó sùn pẹ̀lú owó rẹ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí, ìdajì ló jí bá bó bá fẹ́ fi ra oògùn tó ti òkèèrè wá. Àwọn olórí Áfíríkà ló fọwọ́ sí i ní Dakar lóòótọ́, ṣùgbọ́n Paris àti àjọ IMF ló ń tì wọ́n lẹ́yìn. Náírà náà ti já wálẹ̀ gan-an, mo mọ̀. Ó kéré tán, a mọ ilé ẹni tí a ó lọ bá jà.

*

Ènìyàn pàápàá, wọ́n ti dá owó lé e rí. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí níní ẹrú ní 1833, ó ya mílíọ̀nù 20 pọ́n-ùn sọ́tọ̀ fún àwọn tó ni ẹrú. Ẹrú fúnra rẹ̀ ò rí kọ́bọ̀. Ìjọba yá púpọ̀ nínú owó náà, ọdún 2015 ló tó san gbèsè yẹn tán. Nọ́ọ̀sì Yorùbá tó ń san owó-orí ní Peckham ní 2010 wà lára àwọn tó ń san án.

Ti Haiti burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Nàgó níbẹ̀, wà lára baba ńlá wọn. Wọ́n fi ogun gba òmìnira ní 1804. Ní 1825, Faransé kó ọkọ̀ ogun dé, ó ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 150 fráǹkì fún àwọn tó ti ń kó wọn lẹ́rú. Ó dín in kù sí 90 ní 1838. Wọ́n yáwó láti san án, èlé sì gun orí èlé. 1947 ni wọ́n tó bọ́. Ó máa ń dùn mí wọra bí mo bá gbọ́ kí ènìyàn ní ọ̀lẹ ló sọ wọ́n di tálákà.

*

Ẹ jẹ́ ká padà sórí kòkó. Èyí tí a kàn sá gbẹ ń wọ Yúróòpù láì san owó ibodè. Bí ilé iṣẹ́ kan ní Àkúrẹ́ bá lọ̀ ọ́ di bọ́tà kòkó, owó ibodè ti dé bá a.

Ní 2024, kòkó ṣọ̀wọ́n ní Côte d'Ivoire àti Ghana, tọ́ọ̀nù kan sì kọjá 10,000 dọ́là. Lọ́hùn-ún, ìjọba ti dá iye lé e ṣáájú, díẹ̀ ló kan àgbẹ̀ níbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó mọ iye tí ọjà ń lọ rí owó gbà. Ẹni tí kò mọ̀ gba ohun tí wọ́n fún un. Ní 2025, ó ti tún já wálẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìròyìn lórí rédíò ní Oǹdó, Ọ̀ṣun, Èkìtì àti Ìbàdàn, mo bẹ̀ yín: bí ẹ bá ti ka iye dọ́là tán láàárọ̀, ẹ ka iye tí tọ́ọ̀nù kòkó kan ń lọ ní London náà, ní Yorùbá, kí bàbá tó wà lóko lè gbọ́ ọ kí ọlọ́bẹ tó dé.