Ọmọ Fẹ́ Ṣe Ẹnjiníà

ÀBÚRÒ (tó ti Jámánì dé): Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀. Ó ní ẹnjiníà lòun fẹ́ ṣe. Mo ní kó tètè máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ibẹ̀ lojú rẹ̀ á ti là.

Ẹ̀GBỌ́N (tí kò kúrò nílé): Ẹnjiníà wo? Ti iná, ti ẹ̀rọ, ti ọ̀nà àti afárá, àbí ti kẹ́míkà? Ṣé o tiẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ti ń darí iná Nàìjíríà?

ÀBÚRÒ: Àbújá ni, àbí?

Ẹ̀GBỌ́N: Òṣogbo níbí ni! Tọ̀sán tòru, nọ́ńbà kan làwọn ẹnjiníà ibẹ̀ ń ṣọ́: 50. Firíkúẹ́ńsì nìyẹn, iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí iná táwọn èèyàn ń fà bá ti ju èyí tí wọ́n ń pèsè lọ, ẹrù á wọ àwọn ẹ̀rọ amúnáwá Kainji, Jebba àtàwọn yòókù lọ́rùn, yíyí wọn á dẹ̀, nọ́ńbà náà á sì wálẹ̀. Òṣogbo á ní kí wọ́n já àwọn àdúgbò kan sílẹ̀. Bí ìyẹn bá pẹ́, ẹ̀rọ kan á pa ara rẹ̀ kó má baà bàjẹ́, ẹrù tirẹ̀ á bọ́ sórí àwọn tó kù, làwọn náà á bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú tẹ̀ léra. Gíríìdì wó nìyẹn.

ÀBÚRÒ: Áà! Ẹ̀fẹ̀ la sì máa ń fi ṣe lọ́hùn-ún.

Ẹ̀GBỌ́N: Ti iná nìkan kọ́. Mú ọmọ náà lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, níbi ìwakùsà góòlù tí wọ́n ń pè ní Segilola, tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí góòlù yọ́ ní 2021. Ẹnjiníà ìwakùsà ló ń ṣírò bí ẹ̀gbẹ́ kòtò ṣe gbọdọ̀ dagẹ̀rẹ́ kó má baà ya. Ti ẹ̀rọ ló ni ẹ̀rọ tó ń lọ òkúta kúnná bí èlùbọ́. Ti kẹ́míkà á fi sáyánáìdì yọ góòlù jáde, èédú á wá fà á mọ́ra.

ÀBÚRÒ: Sáyánáìdì? Májèlé mà nìyẹn!

Ẹ̀GBỌ́N: Májèlé ni, ìdí nìyẹn tí adágún tí wọ́n ń da èérí rẹ̀ sí fi nílò ẹnjiníà tirẹ̀. Àwọn tó ń wa góòlù láìgbàwé àṣẹ kò ní irú ẹ̀. Etí omi ni wọ́n ti ń fọ yẹ̀pẹ̀, ẹrẹ̀ rẹ̀ á ṣàn wọ odò Ọ̀ṣun, a ó sì rí i ní Òṣogbo. Lásìkò ọdún Ọ̀ṣun ní 2022, ìjọba ní kéèyàn má mu omi náà.

ÀBÚRÒ: Ó ṣe odò Rhine lọ́hùn-ún náà rí. Ní 1986, ilé ìkẹ́míkàsí kan jóná nítòsí Basel, odò pọ́n, ẹja kú lọ súà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi tún un ṣe.

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ló tún un ṣe?

ÀBÚRÒ: Àwọn ẹnjiníà omi àti ti àyíká wà níbẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Èyí tá a nílò nìyẹn. Kó kọ́kọ́ ka ti ọ̀nà àti afárá ní yunifásítì Ifẹ̀, torí inú rẹ̀ nìmọ̀ omi wà. Lẹ́yìn náà kó wá bá ọ, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ odò.

ÀBÚRÒ: Bó bá dé ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Kó lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà. Òfin ti wà láti 1970: ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà.