Ẹ Kọ Ibi Tí Ewé Ti Wá Sílẹ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi olùkọ́, àti ẹ̀yin ìyá wa ọlọ́jà, ẹni tí ó já ewé láìkọ ibi tí ó ti já a sílẹ̀, ààbọ̀ ìmọ̀ ni ó mú wálé.

Ewéko kan wà ní aṣálẹ̀ Namib tí à ń pè ní Welwitschia. Ewé méjì péré ni ó ń ní títí di ọjọ́ ikú rẹ̀, àwọn mìíràn nínú wọn sì ti lò ju 1,000 ọdún lọ láyé. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án, 1859, Friedrich Welwitsch, ọmọ ilẹ̀ Austria, rí i ní gúúsù Àǹgólà. Ní 1861, Thomas Baines rí òmíràn ní ọ̀nà jíjìn sí ibẹ̀, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàmíbíà lónìí. Ohun tí àwọn méjèèjì rí dé ọwọ́ Joseph Hooker ní Kew, lẹ́bàá London. Ìwé ńlá tí ó kọ nípa rẹ̀ jáde ní 1863.

Báwo ni wọ́n ṣe ń tọ́jú irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Wọn a tẹ ewé sáàárín bébà títí yóò fi gbẹ. Wọn a lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà tí ó nípọn, wọn a sì kọ orúkọ rẹ̀, ibi tí a ti já a, ọjọ́, àti ẹni tí ó já a sí i. Ẹyọ kan kò jọ nǹkan. Ṣùgbọ́n bí a bá to ọ̀pọ̀ jọ, wọ́n di àwòrán ilẹ̀. Báyìí ni a ṣe mọ̀ pé kò sí ibi tí Welwitschia ń hù fúnra rẹ̀ ju ìhà etí òkun Àǹgólà àti Nàmíbíà lọ, nǹkan bí 1,000 kìlómítà ní gígùn. Bí ó bá pòórá níbi tí ìwé sọ pé ó wà, a ó mọ̀.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ wà ní Ìbàdàn, lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ìwádìí igbó. Ewé ibẹ̀ lé ní 100,000.

Mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá ọmọ kan, oníṣègùn, wá bá mi.

“Tíṣà, ẹ má bínú o. Ewé tí gbogbo ayé mọ ibi tí ó wà, wọ́n ti hú u tegbòtegbò lọ sọ́jà. Ẹ fẹ́ fi ọ̀nà han olè ni?”

Ọ̀rọ̀ Bàbá kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfojúdi. Láti 2019 ni àwọn olè ti ń hú àwọn ewéko aṣálẹ̀ kéékèèké ní Gúúsù Áfíríkà, tí wọ́n ń tà wọ́n sí òkè òkun. Nítorí náà ni àwọn tí ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ níbẹ̀ kì í fi ojúlé àwọn tí ó ṣọ̀wọ́n han gbogbo ènìyàn.

Mo dáhùn pé, “Bàbá, orúkọ ìlú àti oṣù nìkan ni a ó lẹ̀ mọ́ ògiri. Ojú ọ̀nà yóò wà nínú ìwé tí a ó tì pa.”

Ó dákẹ́ díẹ̀. “Bí mo bá kú ńkọ́?”

“Ìwé náà yóò wà, sà.”

Ó jókòó, ó sì ka ewé mẹ́ta fún mi, pẹ̀lú odò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà létí rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa, bí ẹ bá ń ra ewé lọ́wọ́ ẹlẹ́wé, ẹ bi í léèrè ibi tí ó ti wá. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì pa á mọ́ dáradára. Ohun tí a kò kọ, àgbà ni yóò gbé e lọ sọ́run.